Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi kámẹ́rà tí wọ́n ń yan fókọ́ọ̀sì ẹ̀ lẹ́yìn ya fótò, àti ohun tí àwọn ayàwòrán sọ

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kámẹ́rà Lytro àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2012 yẹn, ó ti wà nínú páálí tipẹ́, mo ní kó yá mi fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò le, mo fẹ́ fi ya fótò díẹ̀ kí n wá gbé e lọ bá àwọn ayàwòrán tí mo mọ̀ kí n gbọ́ tẹnu wọn, torí mi ò gbàgbé ariwo tí wọ́n fi gbé nǹkan yìí jáde nígbà yẹn, pé wàhálà fókọ́ọ̀sì ti tán, ṣáà yà á, tó o bá délé kó o wá yan ibi tó o fẹ́ kó mọ́. Inú àwọn kan dùn, inú àwọn kan ò dùn rárá, ilé iṣẹ́ ọ̀hún náà sì kógbá sílé ní 2018, mo wá ní kí n fojú ara mi rí ohun tó fa ìjà.

Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́wọ́ mi ẹ ò ní pè é ní kámẹ́rà. Ó rí gbọọrọ bíi tọ́ọ̀ṣì onígun mẹ́rin, gígùn ẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 11, lẹ́ǹsì wà lórí kan, ojú tí wàá máa wò wà lórí kejì, ojú ọ̀hún sì kéré débi pé àtàǹpàkò mi fẹ́ẹ̀ bò ó tán. Kò ní fíláàṣì, kò sáyè mẹ́mórì káàdì. Bọ́tìnnì kan ló wà lókè, tó o bá fẹ́ súùmù, ńṣe ni wàá fi ìka fa ara rọ́bà ẹ̀ bí ẹni ń nu eruku. Ó tán.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kámẹ́rà tí gbogbo wa ń lò, bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú kan ṣe pọ̀ tó ló ń kà, apá ibi tó gbà wọlé ò kàn án. Eléyìí, wọ́n tẹ́ àwọn lẹ́ǹsì wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ síwájú sensor, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ìkọ̀ọ̀kan wọn á fọ́n ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára ká sẹ́yìn ara ẹ̀, kámẹ́rà á wá mọ èyí tó gba ọ̀tún wọlé yàtọ̀ sí èyí tó gba òsì. Tó bá ti mọ ìyẹn, kọ̀ǹpútà lè jókòó ṣírò bí fótò ọ̀hún ì bá ṣe rí ká ní ibòmíì lo fókọ́ọ̀sì sí. Gabriel Lippmann, onímọ̀ físíìsì kan, ti gbé irú èrò yìí kalẹ̀ láti 1908 o, Ren Ng ló wá fi ṣe iṣẹ́ oyè dókítà ẹ̀ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní 2006, òun náà ló dá Lytro sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́. Pixel, ìyẹn àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di fótò, èyí tó yẹ kó fi ya fótò, ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ló ń ná an lé. Ìtànṣán mílíọ̀nù 11 ló ń gbà, fótò tó máa kù sí ẹ lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn ò ju bíi 1080 sí 1080 lọ, ìyẹn mílíọ̀nù kan lé díẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ wá bá a.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo rìn sẹ́yìn, mo to àwọn èèyàn mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo yà wọ́n. Lálẹ́ mo kó o sórí laptop àtijọ́ tí ọ̀rẹ́ mi fi lé e, torí fáìlì .lfp tó ń gbé sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí app fótò kan ń dédé ṣí, laptop náà ti darúgbó, mo wẹ̀, mo jẹun, mo padà wá bá a níbi tó ti ń kó wọn wọlé. Ìgbà tó ṣetán mo tẹ ojú ẹni tó wà níwájú, kò sóhun tó yí padà. Mo tẹ ògiri, kò sóhun tó yí padà. Mo fẹ́ẹ̀ bú u kó tó yé mi pé ẹ̀bi tèmi ni, mo to gbogbo nǹkan sórí ìlà kan náà, kí ló fẹ́ yàn nínú ẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì mo wá sún mọ́ nǹkan dáadáa. Ipò kan wà nínú ẹ̀ tí etí ojú ẹ̀ máa ń di búlúù, tó o bá wà níbẹ̀ wàá fìka tẹ ibi tó o fẹ́ kó fi ṣe àárín, ohun tó fẹ́ẹ̀ kan lẹ́ǹsì náà á sì mọ́. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí gan-an, òmíràn gbọ́dọ̀ wà lọ́nà jíjìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó kàn ń tàn ẹ́ ni. Ìyẹn ni mo fi gbà pé irọ́ ni pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán, iṣẹ́ ọ̀hún kàn kúrò lọ́wọ́ ó bọ́ sí ẹsẹ̀ ni, ibi tó o bá dúró ló máa sọ bóyá ohun kan máa wà láti yàn.

Fótò tó dáa jù nínú ẹ̀ ni ti ìyá mi. Wọ́n ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n na ọwọ́ síwájú, èmi náà gbé lẹ́ǹsì lé abẹ́rẹ́ yẹn lórí tán. Tó o bá tẹ abẹ́rẹ́, wàá rí i pé òwú ti tú sí mẹ́ta lórí, ọ̀kan ti wọ ihò, méjì kọ̀. Tó o bá tẹ ojú wọn, abẹ́rẹ́ á di bàìbàì, wàá wá rí ṣóńṣó ahọ́n wọn tó yọ létí ẹnu. Mi ò rí ahọ́n yẹn nígbà tí mò ń yà á o!

Ọjọ́ kẹta mo gbé laptop káàkiri. Àǹtí kan tó ń ya ìgbéyàwó ni mo kọ́kọ́ bá, inú wọn dùn, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀melòó ni fókọ́ọ̀sì ti lọ jókòó sára òdòdó tí ojú ìyàwó sì bàìbàì. Wọ́n wá bi mí pé báwo ló ṣe máa tóbi tó lórí pépà. Mo ṣírò ẹ̀ níwájú wọn, pixel 1080 ká pín in sí 300 lórí íǹṣì kan, íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ lé díẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kí n wá gbé ìyẹn fún ìyá ọkọ?" Mo ní wọ́n ṣe Lytro míì tí wọ́n ń pè ní Illum ní 2014, ìyẹn ń gba ìtànṣán mílíọ̀nù 40, wọ́n ní mélòó ló wá kù lójú fótò, mo ní bíi mílíọ̀nù 4, wọ́n ní owó ńkọ́, mo ní dọ́là 1,599 ni nígbà tó jáde. Wọ́n ò tún sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ń nu lẹ́ǹsì wọn lọ.

Àbúrò kan ní kí n má da òun láàmú, fóònù òun ń ṣe é. Ó ya irú abẹ́rẹ́ kan náà, ó tẹ ojú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn di bàìbàì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tá a fẹ̀ ẹ́, orí òwú ti pòórá, kọ̀ǹpútà inú fóònù ti kà á mọ́ ẹ̀yìn. Fóònù ń wọn jíjìn nǹkan ni, á wá fọwọ́ ara ẹ̀ kun bàìbàì sí i, ìyẹn yàtọ̀. Ó ní kò burú, ta ló ń wo òwú. Mi ò rí èsì fún un.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fi ṣèkẹyìn. Látìgbà fíìmù ni wọ́n ti ń yà. Wọn ò tiẹ̀ wo kámẹ́rà náà, wọ́n ní, "Bí mo bá fi sílẹ̀ fún ẹ pé kó o yàn, kí ni mo wá lọ ṣe níbẹ̀?" Mo ní ọ̀gá, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wọ gíláàsì. Wọ́n tẹ abẹ́rẹ́, wọ́n tẹ ojú, wọ́n tún padà sí abẹ́rẹ́, a tó bí ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Nígbà tó yá wọ́n tẹ ahọ́n, wọ́n yọwọ́.

"Ibí yìí. Tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi báyìí, má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni tún fọwọ́ kàn án."

Mo sọ ọ́ di JPEG, fótò lásán tí fókọ́ọ̀sì ẹ̀ ò ṣeé yí mọ́, mo tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n ti fi há ẹ̀gbẹ́ dígí níbi tí wọ́n ń jókòó sí.