Tí Èsì Skáànù Yín Bá Dé Sórí Fóònù

Ọ̀pọ̀ ibi àyẹ̀wò ti ń fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù tàbí ímeèlì báyìí: líǹkì kan, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì máa dé àti ìgbà tí líǹkì náà kò ní ṣí mọ́. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà ọmọ yín lẹ kọ sílẹ̀, ọmọ yín ló máa kọ́kọ́ rí i o.

Tó bá ṣí, ẹ wo orúkọ, ọjọ́ orí àti ọjọ́ àyẹ̀wò. Tí ọ̀kan kò bá bá tiyín mu, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kà á síwájú. Ẹ fi àwòrán sílẹ̀ ná. Ìwé tí dókítà tó yẹ àwòrán wò kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n kọ "Impression" sí, ni ohun tó rí gan-an wà.

Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń ba èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí "unremarkable" níwájú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kò fojú ba oorun mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kò rí àléébù kankan níbẹ̀! "Negative" náà, ohun tí wọ́n ń wá ni wọn ò rí. "Lesion" ni ibi tó yàtọ̀ sí ara tó yí i ká: ó lè jẹ́ ojú àpá àtijọ́, ó lè jẹ́ àpò omi kékeré. Ẹ má sáré pè é ní jẹjẹrẹ. "Clinical correlation" ń sọ fún dókítà yín pé kó fi èsì náà wé ohun tó ń ṣe yín, torí àwòrán nìkan kò tó.

Tí ẹ bá wá fẹ́ wo àwòrán, lórí X-ray àyà, afẹ́fẹ́ á dúdú, egungun á funfun. Ọkàn yín tó fì sí apá òsì á hàn lápá ọ̀tún àwòrán, bí ìgbà tí ẹlòmíì dojú kọ yín. Àwòrán CT scan kan, ìyẹn skáànù tó ń ya inú ara ní ìpele ìpele, lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, á jẹ dátà gan-an; ẹ wá ibi tí Wi-Fi wà.

Ẹ má gbé e sínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí. Orúkọ àti àìsàn yín wà lára rẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, òun ni wọ́n máa fi wé skáànù tó ń bọ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ de dókítà. Ṣùgbọ́n tí mímí bá nira, tàbí apá kan ara ṣàdédé rọ, ẹ má dúró de líǹkì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.