Bí a ṣe ń tún sípíkà tò kí ọ̀rọ̀ lè yé àwọn tó jókòó sẹ́yìn

Bí àwọn ará ẹ̀yìn bá ní àwọn ò gbọ́ ohun tí oníwàásù ń sọ, ńṣe ni a sábà máa ń yí ohùn sókè. Ariwo á pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ò ní yé wọn. Àwọn àgbàlagbà tí etí wọn ti wúwo ló ń jìyà rẹ̀ jù, ó sì máa ń dùn mí, torí àtúnṣe rẹ̀ ò le.

Inú wáyà ni ohùn ń gbà dé sípíkà ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi mítà 345 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sípíkà iwájú bá fi mítà 30 jìnnà sí ti ẹ̀yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á sì fi nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 87 pẹ́ dé (mílísẹ́kọ́ǹdì 1,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí àlàfo bá ti kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 50, ọ̀rọ̀ ń dàrú nìyẹn. Nínú èdè wa tó jẹ́ olóhùn, ohùn òkè tó pẹ́ dé á gun orí ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ fi tépù wọn àárín sípíkà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ fi 2.9 sọ iye mítà náà di púpọ̀, kí ẹ wá fi 10 sí 15 kún un. Mítà 30 á fún yín ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 100. Iye yìí ni kí ẹ tẹ̀ síbi tí wọ́n kọ "delay" (ìyẹn ibi tó ń dá ohùn dúró díẹ̀) sí lórí míkísà, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń darí ohùn, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí sípíkà ẹ̀yìn nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ti máíkì.

Kí ni 10 sí 15 yẹn wà fún? Helmut Haas, ará Jámánì, fi hàn ní 1949 pé bí ohùn kejì bá dé láàárín nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 30, etí á kà á mọ́ ti àkọ́kọ́, kódà bó bá ròkè jù ú lọ díẹ̀. Nítorí náà, iwájú tí oníwàásù dúró sí ni ará ẹ̀yìn á rò pé ohùn ti ń wá.

Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn, kí ẹnì kan máa pàtẹ́wọ́ ní ẹyọ ẹyọ sínú máíkì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní méjì, ẹ tún un wò. Lẹ́yìn náà, kó ka orúkọ àwọn èèyàn tí ẹ ò mọ̀. "Hẹlóò, wan, tú" ò tó, torí ọpọlọ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Bí míkísà ò bá ní delay, ẹ dín ohùn sípíkà ẹ̀yìn kù gidigidi, kí ẹ gbé ti iwájú sókè, kó kọjú sí èèyàn, kì í ṣe ògiri. Ẹ má fi sípíkà Bluetooth kún ti oníwáyà. Ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ohùn tí ògiri búlọ́ọ̀kù àti táìlì ń dá padà, míkísà ò lè tún un ṣe. Kọ́tìnnì tó nípọn lára ògiri ẹ̀yìn ló ń ràn án lọ́wọ́. Bí èrò ò bá pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ẹ bẹ oníwàásù kó máa sinmi díẹ̀ láàárín gbólóhùn, torí ara èèyàn náà wà lára ohun tó ń fa ohùn mu.