Bí mo ṣe yan wáyà tó so rédíò mi mọ́ dipole ní Òṣogbo

Àwa tí a ń ṣe rédíò amateur, tí a ń fi rédíò tiwa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa káàkiri ayé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ àǹtẹ́nà ló máa ń wà lẹ́nu wa ṣáá. Báwo ló ṣe ga tó? Ìhà ibo ló kọjú sí? Wáyà tó ń gbé agbára láti inú yàrá lọ bá àǹtẹ́nà lókè kì í sábà rí ẹni bi í, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni ọ̀nà tí ohùn wa ń gbà jáde. Nígbà tí mo fẹ́ ta dipole, àǹtẹ́nà oníwáyà méjì, fún bàǹdì 40 mítà (ìyẹn ibi 7 MHz) sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Báálẹ̀, wáyà yìí ni mo ro jù.

Dipole fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Wáyà méjì tó gùn dọ́gba ni, ẹ fi iye MHz pín 143, ohun tó bá jáde ni gígùn àpapọ̀ wọn ní mítà. Fún 7.1 MHz, ó tó mítà 20.1, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ lé ní mítà 10. Wáyà bàbà tí àwọn oníná fi ń ṣe iná ilé ni mo lò, mo fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ kí n lè máa gé e kù bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n. Orí kan wà lára igi máńgòrò, èkejì wà lórí páìpù irin tí mo rì sí igun fẹ́ǹsì, ó ga tó bíi mítà 9. Iwájú ilé ni wáyà iná ìjọba gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ohunkóhun kọjá sí ìhà ibẹ̀ rárá. Àǹtẹ́nà tó bá já lu wáyà iná lè pa èèyàn.

Ní àárín dipole, níbi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pàdé, nǹkan bíi 73 òhm (òhm la fi ń wọn ìdíwọ́ tí iná ń bá pàdé) ni agbára rédíò máa bá pàdé bí àǹtẹ́nà bá jìnnà sí ilẹ̀ dáadáa. Bó bá sún mọ́ ilẹ̀, iye yẹn a máa lọ sókè, a sì máa wá sílẹ̀. Rédíò wa ń retí 50 òhm ní tirẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí púpọ̀ nínú wa fi gbà pé wáyà 50 òhm nìkan ló bójú mu.

Láti àárín dipole dé ara rédíò lórí tábìlì mi jẹ́ bíi mítà 25. Iye yẹn ni mo fi ṣe ìṣirò. Ní 7 MHz, bí rédíò bá tú 100 wáàtì sílẹ̀, RG-58, coax tó tín-ín-rín (coax ni wáyà tí irin àárín rẹ̀ wà nínú awọ irin), yóò jẹ tó 20 nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, bíi 80 ni yóò dé òkè. RG-213, coax mìíràn tó sanra tó mílímítà 10, yóò gbé bíi 92 débẹ̀. Wáyà díìṣì, ìyẹn coax RG-6 tí wọ́n fi ń so tẹlifíṣàn sátẹ́láìtì, yóò gbé tó 90. Àárín 80 sí 90 yẹn, ẹni tó wà lódìkejì kò lè fi etí mọ̀ ọ́n, nítorí ó tó 6 dB, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin agbára, kí mita tó ń wọn agbára ohùn lára rédíò rẹ̀ tó sún ní ìpele kan, tí a ń pè ní S. Torí náà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni tó ní RG-58 nílé jà pé kó má lò ó ní 7 MHz. Ṣùgbọ́n bó bá gbé wáyà kan náà lọ sí 145 MHz, ju ìdajì agbára lọ ni yóò sọ nù kó tó dé òkè. RG-213 dára, owó rẹ̀ ló ga, ó sì wúwo. Bí ó bá rọ̀ mọ́ àárín dipole tí kò ní òpó lábẹ́, yóò fà á wálẹ̀.

Wáyà flex olójú méjì tí wọ́n fi ń so gílóòbù, àwọn kan ń fi í ṣe é. Òhm rẹ̀ wà ní bíi 100, agbára tó sì ń jẹ máa ń pọ̀ gan-an bí a bá ti ń gòkè lọ sí 28 MHz. Fún ìdánwò kúkurú, ó ṣeé lò. Mi ò ní fi sílé.

Èyí tó fẹ́ gba ọkàn mi ni ladder line, wáyà méjì tó ń bá ara wọn rìn lọ tí wọ́n fi rọ́bà ya wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà jẹ́ bíi 450 òhm. Ẹni tó bá gé páìpù rọ́bà sí wẹ́wẹ́ tó sì fi ya wáyà méjì lè ṣe ti 600 òhm fúnra rẹ̀. Agbára tó ń jẹ kéré jọjọ, kódà nígbà tí SWR orí rẹ̀ (ìwọ̀n bí wáyà àti àǹtẹ́nà ṣe bára mu tó, 1 ló dára jù) bá ga, ìdí sì nìyẹn tí dipole kan ṣoṣo fi lè ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ bàǹdì bí tuner, ẹ̀rọ tó ń mú rédíò àti wáyà bára mu, bá wà lórí tábìlì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ilé wa ni kò gbà á. Agbára tó wà láàárín wáyà méjèèjì yẹn máa ń yọ síta, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin, ó kéré tán kó jìnnà sí i ní ìlọ́po mélòó kan àyè tó wà láàárín wọn. Orí páànù ni wáyà mi ní láti gbà kọjá, kó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ góńtà, kó sì wọlé láàárín irin ojú fèrèsé. Bí òjò bá sì ti rin ín, ìwọ̀n rẹ̀ yóò yí padà, òjò Òṣogbo kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Coax ní tirẹ̀ kó agbára rẹ̀ pamọ́ sínú awọ irin, ó lè fara kan páànù láìsí ìjàǹbá kankan.

Wáyà díìṣì ni mo mú. 75 òhm ni, 73 ni dipole. Bí wọ́n ṣe bá ara wọn mu lókè yẹn, 75 náà ni rédíò máa rí nísàlẹ̀, SWR rẹ̀ á sì jẹ́ 1.5. Púpọ̀ nínú rédíò òde òní kì í bẹ̀rẹ̀ sí í dín agbára kù àfi tó bá sún mọ́ 2.

Ní ọjà Ìgbóǹnà, mo ní kí Alhaja tó ń ta wáyà jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n bó orí rẹ̀ wò. "Bó o, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, owó wọn ò dọ́gba." Nínú èyí tó wọ́n, okùn tín-ín-rín tí wọ́n hun bo fọ́ìlì pọ̀, ó sún mọ́ra, nínú èkejì, mélòó kan ló kàn wà níbẹ̀. Mo gbé òòfà sí irin àárín, ó lẹ̀ mọ́ ọn: irin ni, wọ́n fi bàbà bò ó. Èyí kò bà mí lẹ́rù. Ní 7 MHz, ara bàbà lóde ni agbára ń rìn, irin inú rẹ̀ sì jẹ́ kó lè rọ̀ láìjá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí 1.8 MHz ni kó wá èyí tí bàbà rẹ̀ dé inú.

Ọmọ tó ń bá Alhaja tajà ti gbé mita rẹ̀. "Bùọ̀dá, wọ́n kọ 75 òhm sí i lára, mita mi ò ká 75." Kò lè kà á. Mita rẹ̀ ń wọn bí bàbà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ láti orí dé ìdí, ìyẹn á sì máa pọ̀ bí wáyà bá ṣe gùn sí. 75 yẹn wá láti inú bí irin àárín ṣe sanra tó sí awọ tó yí i ká, àti ohun tó wà láàárín wọn. Ẹ gé e sí mítà 1, ẹ gé e sí 100, 75 náà ni.

Àwọ̀n tó bò ó jẹ́ àlùmínì, léèdì kì í lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà F connector, orí wáyà díìṣì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọn, ni mo lò, mo sì fi adaptor yí i padà sí PL-259, orí wáyà tó bá ojú rédíò mu, lẹ́yìn rédíò. Lábẹ́ àárín dipole gan-an, mo ká bíi mítà 6 nínú wáyà náà yípo páìpù rọ́bà oníńṣì mẹ́fà. Láìsí ìyẹn, ẹ̀yìn awọ wáyà á di apá kẹta àǹtẹ́nà, ariwo ínfátà àti ṣájà inú ilé á sì gun ibẹ̀ bọ́ sínú rédíò. Ẹ má fojú di èyí.

Omi ni ọ̀tá wáyà yìí. Ó máa ń gba ẹnu connector wọ inú àwọ̀n, á sì rìn lọ sísàlẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Mo fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dì í, mo sì fi téèpù oníná bò ó. Mi ò lo sílíkóòn tó ń rùn bíi kíkan, nítorí ó máa ń jẹ bàbà. Níbi tí wáyà ti fẹ́ wọ fèrèsé, mo jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè, kí omi lè kán síta. Bí òjò bá ti ń ṣú, mo máa ń tú u kúrò lára rédíò, n ó sì gbé orí rẹ̀ síta.

SWR tó jáde ní 7.1 MHz kò ju 1.5 lọ. Ní ọ̀sán, 40 mítà ń bá mi gbé ọ̀rọ̀ lọ sí àwọn ibi tó sún mọ́ wa; lálẹ́ ló máa ń ré kọjá òkun. Wọ́n a tún máa gbọ́ mi ní 21 MHz, nítorí dipole 7 MHz máa ń ṣiṣẹ́ níbi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti fi tuner tún un ṣe díẹ̀. Fún ẹni tí àǹtẹ́nà rẹ̀ bá jìnnà sí yàrá tó mítà 60, tí ilẹ̀ sì ṣófo láàárín, ladder line ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó na owó sórí coax.