Bí a ṣe ń mọ iye tí ọkọ̀ akẹ́rù onídísù ń ná wa lóòótọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra Mercedes Sprinter, Ford Transit tàbí Volkswagen LT tòkúnbọ̀ láti máa fi kó ẹrù, owó epo àti owó dẹ́rẹ́bà nìkan ni wọ́n ń yọ, wọ́n á wá pe èyí tó kù ní èrè. Èrè kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Owó táyà wà nínú rẹ̀, owó kílọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, owó nọ́sù, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, náà sì wà níbẹ̀.

Tí ohun tó ń ka kìlómítà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ti kú, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún rewáyà. Láìsí i, kò sí ìṣirò. Kí ẹ wá ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí kò ní kúrò nínú ọkọ̀: ọjọ́, kìlómítà, ohun tí ẹ rà, iye rẹ̀. Ìwé ni o, kì í ṣe fóònù, torí fóònù máa ń bá dẹ́rẹ́bà lọ.

Ohunkóhun tó bá ń gbó lára ọkọ̀, ẹ mú iye tó máa gbà, kí ẹ fi kìlómítà tó máa lò pín in. Ká ní táímìn bẹ́líìtì (èyí tó ń mú àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì yí papọ̀) ti LT 2.5 TDI, pẹ̀lú róólà, wọ́tà pọ́ǹpù àti owó iṣẹ́, jẹ́ ₦240,000, tí ẹ sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 80,000 kìlómítà. ₦3 nìyẹn lórí kìlómítà kan. Àlọ àti àbọ̀ Èkó sí Ìbàdàn, bíi kìlómítà 260, ti jẹ ₦780 lára bẹ́líìtì yẹn. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbowó ẹrù gan-an.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ní gbogbo 5,000 kìlómítà, pẹ̀lú fítà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ń gba lítà 7 sí 9, nítorí náà gálọ̀nù lítà 4 kan kò tó. Fún táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: 3218 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 2018. Táyà tó ti lé lọ́dún 6, ẹ má fi ru ẹrù, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó.

Ibi tí owó ti ń bọ́ ni ọ̀nà epo. Omi máa ń wà nínú dísù tí à ń rà, pàápàá èyí tí wọ́n ń rọ látinú dúrọ́ọ̀mù. Epo yẹn kan náà ló ń fi ọ̀rá sára pọ́ǹpù oníagbára, èyí tó ń ti epo lọ sí nọ́sù. Tí omi bá gba ibẹ̀ kọjá, irin á máa ha irin, ìfọ́ irin á wọnú nọ́sù, ẹ ó sì ra pọ́ǹpù àti nọ́sù pọ̀ nítorí fítà epo tí ẹ ò pààrọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 10,000 kìlómítà, kí ẹ má dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá ń fà.

Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó táátì ọkọ̀, ẹ tú síkúrù tó wà nísàlẹ̀ ilé fítà epo, kí ẹ gba ohun tó bá jáde sínú ìgò tó mọ́ gaara. Omi á wà nísàlẹ̀, dísù á léfòó. Tó bá ti di dísù nìkan, ẹ dè é padà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, àfi ìgbà òjò.

Tí ẹ bá pààrọ̀ fítà, ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa epo títí afẹ́fẹ́ ò fi ní hó mọ́. Mẹkáníìkì tó bá ń fi kọ́kọ́rọ́ fa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú méjì léra láti fi fa epo wá, ẹ dá a dúró: pọ́ǹpù oníagbára ń yí ní gbígbẹ, bátìrì àti sítátà náà ń kú lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ó tú páìpù nọ́sù sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì CDI (irú ẹ́ńjìnnì dísù ti Sprinter) bá ń ṣiṣẹ́. Agbára epo ibẹ̀ lè ju 1,000 bar lọ, ó sì lè gún awọ ara wọlé.

Kí ẹ tó gbà pé nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ló ti bàjẹ́, ẹ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ ra okùn dírípù ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, kí ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí epo ti ń padà jáde lára nọ́sù, kí ẹ sì ki ẹnu kejì bọ ìgò omi òfìfo tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ẹ dí ẹnu páìpù kékeré tí ẹ yọ kúrò lára nọ́sù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 láìtẹ iná. Ìgò tó bá kún ju àwọn yòókù lọ ni nọ́sù rẹ̀ ń jò. Òun nìkan ni kí ẹ gbé lọ fún àyẹ̀wò. Dísù máa ń sọ okùn dírípù di líle, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí nọ́sù bá padà wọlé, wáṣà bàbà ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Èyí tí wọ́n ti lò ti pẹlẹbẹ. Gáàsì á máa sá gba ibẹ̀, nǹkan dúdú bí ọ̀dà á sì so nọ́sù mọ́ sìlíńdà ẹ̀dì títí tí kò fi ní ṣeé yọ. Ẹ kọ owó wáṣà yẹn náà sínú ìwé, kí ẹ sì kọ iye ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró láìgbé ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.