Tíṣà tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní England: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan n'Íbàdàn ni mo wà tẹ́lẹ̀, Leicester ni mo wà báyìí. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lórí WhatsApp ni pé, "Àǹtí, èló ni wọ́n ń ta ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín?" Wọn kì í tà á. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá gbà yín síṣẹ́ ló máa fún yín ní Certificate of Sponsorship, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ yín, òun lẹ ó sì fi béèrè físà Skilled Worker. Láti òpin ọdún 2024, òfin ò gbà kí ilé ẹ̀kọ́ gba owó ìwé náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ajẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ mú mílíọ̀nù wá torí ẹ̀, ẹ sá fún un.

QTS (Qualified Teacher Status) ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Òun ni ìjọba England fi ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ tíṣà yanjú. Oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwa tí a kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ará Gánà, Íńdíà, Jàmáíkà, Zimbabwe àti àwọn mìíràn. Orí gov.uk lẹ ó ti béèrè fún un, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn náà kò fẹ̀: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè òkèèrè bíi Faransé ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, fún ọmọ ọdún 11 sí 16. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà Ìtàn, ẹ má bínú, ọ̀nà yìí kì í ṣe tiyín. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní academy (owó ìjọba ni wọ́n ń ná, àmọ́ wọn ò sí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀) lè gba tíṣà tí kò ní QTS, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó kù náà lè gba ẹni tó kọ́ṣẹ́ lókè òkun fún ọdún 4. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ṣe wàhálà físà nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀.

NCE nìkan ò tó. B.Ed. tàbí B.Sc.Ed. dára, ẹni tó ní B.Sc. lásán gbọ́dọ̀ fi PGDE tì í. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọmọ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ló kan TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Káàdì tí wọ́n fún yín lẹ́yìn ìdánwò kò tó. Lẹ́tà tó sọ pé ẹ wà nínú ìwé wọn, pé wọn ò sì fòfin dè yín, lẹ ó béèrè. Ẹ̀yin obìnrin, orúkọ bàbá ló máa ń wà lórí páálí, orúkọ ọkọ lórí pásípọ́ọ̀tù. Ẹ fi ìwé ìgbéyàwó kún un kí wọ́n tó béèrè.

Iṣẹ́ ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí. Ìjọba ní ojú ewé kan tó ń jẹ́ Teaching Vacancies, ẹ lè yan àwọn iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ti múra àtiṣe físà nìkan níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún. Ìdí ni pé tíṣà tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kó tó di 31 oṣù karùn-ún, ìgbà náà ni àyè ń ṣí sílẹ̀ fún oṣù kẹsàn-án. Tí academy bá pè yín, orúkọ trust, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń darí rẹ̀, ni kí ẹ wá nínú ìwé àwọn onígbọ̀wọ́ tí ìjọba ń gbé jáde. Trust ló sábà máa ń ní àṣẹ.

Ẹ má fi CV nìkan ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì máa ka ọdún lórí rẹ̀ bí ìyálọ́jà ṣe ń ka owó. Bí ẹ bá jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnrúùlú, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń ṣe. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n lè ní kí ẹ kọ́ kíláàsì díẹ̀ lójú wọn. Ìyẹn kì í dà wá láàmú. Ìbéèrè tó ń dà wá láàmú ni ti ààbò ọmọ: "Bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ sọ àṣírí kan fún yín ńkọ́?" Lọ́dọ̀ wa, a ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, àwa mìíràn á tiẹ̀ gbàdúrà fún un. Níbí, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ má da ìbéèrè bò ó, ẹ kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì mú un lọ fún ẹni tó ń bójú tó ààbò ọmọ nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ pàṣán, ẹ má dá a sílẹ̀ rárá, àní bí àwàdà.

Tí Certificate of Sponsorship bá ti jáde, oṣù 3 lẹ ní láti lò ó. Ẹ ó ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn tí ìjọba wọn fọwọ́ sí, ẹ ó sì gba ìwé ọlọ́pàá, torí ọmọdé lẹ fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì yín gbọ́dọ̀ dé ipele B2; wọn ò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ẹ lè lo páálí yunifásítì tí Ecctis, àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò, bá jẹ́rìí sí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. £1,270 gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28, àyàfi tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣe onídùúró.

Owó tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni ti ìlera, èyí tí ẹ ó san pẹ̀lú físà kí ẹ lè lo ilé ìwòsàn ìjọba wọn. £1,035 lọ́dún ni fún àgbàlagbà, £776 fún ọmọdé, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó sì san ti gbogbo ọdún. Tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, fún ọdún 3, £10,866 nìyẹn, a ò tíì san owó físà fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi wé owó oṣù: láti oṣù kẹsàn-án 2025, £32,916 lọ́dún ni tíṣà tó ní QTS ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òde London, owó orí ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Nínú tèmi, kí ẹnì kan kọ́kọ́ wá, kí ó ríbi gbé, kí àwọn tó kù tó tẹ̀ lé e.

Bó bá jẹ́ Scotland ló wù yín, ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀: GTC Scotland, àjọ àwọn tíṣà níbẹ̀, lẹ ó bá forúkọ sílẹ̀.