Ìgò mélòó ló máa tó? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò wáìnì fún àlejò

"Ìgò kan á tó èèyàn márùn-ún." Gbólóhùn yìí ló ń ba ìṣirò jẹ́ jù lọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìgò wáìnì tó wọ́pọ̀ jù gba mílílítà 750, bí ẹ bá sì ń da mílílítà 150 sínú gíláàsì, gíláàsì 5 géérégé ló máa jáde nínú rẹ̀. Ohun tí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò rò ni bí gíláàsì náà ṣe tóbi tó, ẹni tó fẹ́ da ọtí náà, àti iye ìgbà tí àlejò kan máa na gíláàsì rẹ̀ síwájú pé kí wọ́n bu sí i.

Ìgò là ń rà, àmọ́ gíláàsì ni àlejò ń mu. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí ìgò, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé.

Fífi ojú lásán wọn ohun tó wà nínú gíláàsì

Ká ní àlejò 60 ló ń bọ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mu gíláàsì 3. Gíláàsì 180 nìyẹn. Bí agbọ́tí bá ń da mílílítà 125, ìgò 30 ló máa lọ. Bó bá jẹ́ 150, ó di ìgò 36. Bó bá jẹ́ 175, ó di 42. Bó bá wá ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tú, tó ń da 250, ìgò 60 gbáko! Àlejò kò pọ̀ sí i, iye gíláàsì kò yí padà, síbẹ̀ ìgò ti di ìlọ́po méjì.

Gíláàsì ńlá ló sábà máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ gíláàsì wáìnì pupa gba mílílítà 450 sí 600, torí wọ́n fẹ́ kí àyè wà tí òórùn wáìnì á kóra jọ sí. Mílílítà 150 nínú irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kò dé ìdajì rárá. Lójú ẹni tó ń dà á, ó máa dà bíi pé ahun ni ẹni tó pe àlejò, ló bá tún ta díẹ̀ sí i. Bí "díẹ̀" yẹn bá jẹ́ mílílítà 30 péré, ìgò 36 tó yẹ kó mú gíláàsì 180 wá kò ní mú ju 150 lọ. Gíláàsì 30 ti fò lọ, ìpín odindi èèyàn 10, kò sì sẹ́ni tó jí ìgò kankan.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ wọn omi mílílítà 150 pẹ̀lú ife ìdíwọ̀n, kí ẹ dà á sínú gíláàsì tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́. Ẹ gbé gíláàsì náà sórí tábìlì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín á fi bá ojú omi dọ́gba, kí ẹ wo ibi tó dé. Nínú ọ̀pọ̀ gíláàsì, kò ní kọjá ibi tí ikùn rẹ̀ ti fẹ̀ jù lọ. Ẹ lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ibẹ̀, kí gbogbo ẹni tó máa da ọtí wò ó, kí kálukú sì fi omi dán an wò lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá ti rí i báyìí kò ní máa méfò mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tó ní "gíláàsì 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan" láìsọ irú gíláàsì tó jẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní kí wáìnì tí wọ́n ń tà ní gíláàsì jẹ́ mílílítà 125, tàbí 175, tàbí ìlọ́po ọ̀kan nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mílílítà 148 ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 125 àti 175 kéré lójú, àmọ́ lórí ìgò kan, òun ló sọ gíláàsì 6 di 4, tí mílílítà 50 á sì ṣẹ́ kù sí ìdí ìgò.

Kíka gbogbo orí mọ́ àwọn tó ń mu wáìnì

Bí orúkọ 100 bá wà nínú ìwé, kì í ṣe 100 èèyàn ló máa mu wáìnì. Ẹ yọ àwọn ọmọdé kúrò. Ẹ yọ aláboyún, ẹni tó ń lo oògùn, ẹni tó máa wa ọkọ̀ padà sílé, àti ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè. Nínú àwọn tó kù, àwọn kan á ní bíà ni tàwọn. Ká ní ó wá ku 40. Orí 40 yìí ni ìṣirò wà.

Lẹ́yìn náà ni ti wákàtí, òun gan-an sì lọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Níbi oúnjẹ tí àwọn èèyàn jókòó jẹ, ìdajì ìgò fún ẹni tó ń mu wáìnì jẹ́ òṣùwọ̀n tí kì í sábà dójú tini: gíláàsì 2 àbọ̀. Èèyàn 40 máa mu gíláàsì 100, ìyẹn ìgò 20. Àmọ́ bó bá jẹ́ àríyá orí ìdúró, tí wáìnì nìkan wà nílẹ̀, ẹ ka gíláàsì 2 fún wákàtí àkọ́kọ́ àti 1 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ní wákàtí 4, gíláàsì 5 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 200 lápapọ̀, ìgò 40. Èèyàn kan náà ni o. Ẹni tó ka orí tí kò ka wákàtí lè fi ìdajì jìn sí kòtò.

Ẹ wá fi ìdá mẹ́wàá lé e: 20 á di 22, 40 á di 44. Kì í ṣe torí àṣejù. Ìgò kan lè bọ́ fọ́. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ẹnu ìgò sì lè ba wáìnì jẹ́, tí yóò máa rùn bíi páálí tó rin. Ẹni tó ń ṣígò gbọ́dọ̀ gbóòórùn ìgò kọ̀ọ̀kan kó tó dà á fún ẹnikẹ́ni, torí bí ẹ bá ti fi èyí tó bàjẹ́ bu kún gíláàsì èèyàn 5, wáìnì rere tó ṣẹ́ kù nínú gíláàsì wọn ti bá a lọ. Tí ẹ bá ṣírò tán, ẹ gbé e dé iye páálí tó tẹ̀ lé e. Ẹ sì béèrè kó tó di pé ẹ sanwó: páálí kan kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìgò 12, ti ìgò 6 pọ̀ lọ́jà.

Ríra oríṣiríṣi láti fi ṣe fàájì tún jẹ́ àṣìṣe kan tí ó dùn lójú. Oríṣi 6 lórí tábìlì 5 túmọ̀ sí pé, nígbà tí àlejò bá ń dìde lọ, ó ṣeé ṣe kí ìgò 30 ti ṣí tí kò tán. Pupa kan àti funfun kan tó, ìdajì-ìdajì. Bí oòrùn bá mú, ẹ jẹ́ kí funfun fi díẹ̀ ju pupa.

Gbígbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ìgò

Magnum kò ní wàhálà: lítà 1.5, ìgò 2. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ inú Bíbélì pe ìgò. Ní Champagne, agbègbè ilẹ̀ Faransé tí ṣáńpéènì ti wá, Jeroboam jẹ́ lítà 3, ìyẹn ìgò 4. Ní Bordeaux, agbègbè wáìnì míì ní Faransé, double magnum ni wọ́n ń pe lítà 3 yẹn, Jeroboam tiwọn sì máa ń jẹ́ lítà 4.5 tàbí 5. Ẹni tó bá kà á níbì kan pé Jeroboam dọ́gba pẹ̀lú ìgò 6, tó wá lọ ra ṣáńpéènì Jeroboam 2, ìgò 12 ló rò pé òun gbé délé, 8 ló gbé. Rehoboam ni lítà 4.5 ti Champagne. Methuselah jẹ́ lítà 6, Bordeaux ń pe irú rẹ̀ ní Impériale. Salmanazar jẹ́ lítà 9, odindi páálí ìgò 12 nínú ìgò kan ṣoṣo. Balthazar jẹ́ 12, Nebuchadnezzar jẹ́ 15, gíláàsì 100 nìyẹn. (Mètúsélà tó lo 969 ọdún láyé ló pẹ́ jù nínú wọn, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìgò, Nebukadinésárì fi ìlọ́po méjì àbọ̀ jù ú lọ.)

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra orúkọ. Iye lítà tó wà lára ìgò ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí 75 cl, kì í ṣe ìgò kékeré o: òun náà ni mílílítà 750. Ìgò tó wúwo, tí ìdí rẹ̀ wọnú lọ dáadáa, kò sì fi ohunkóhun ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bí 750 bá wà lára àwọn méjèèjì.

Ìgò ńlá tún ní ìṣòro ti ara rẹ̀. Wáìnì inú ìgò lítà 3 nìkan tó nǹkan bíi kílò 3, láìtíì ka gíláàsì ìgò tó nípọn. Kò ṣeé fi ọwọ́ kan dà. Kò wọ inú korobá yìnyín tó wà fún ìgò lásán, kì í sì í tètè tutù dé àárín. Ìgò 4 lásán, agbọ́tí 4 lè gbé e lọ sí tábìlì 4 lẹ́ẹ̀kan náà; Jeroboam kan, ojú kan náà ni gbogbo èèyàn á tò sí. Ẹ ra ọ̀kan fún fọ́tò bó bá wù yín, kí ìyókù jẹ́ 750 tàbí magnum.

Wáìnì inú páálí tó ní ẹnu ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, bẹ́ẹ̀ òun ni ìṣirò rẹ̀ rọrùn jù. Lítà 3 jẹ́ ìgò 4, gíláàsì 20. Ọ̀rá inú rẹ̀ ń sọ̀ bí ẹ ṣe ń bù ú, atẹ́gùn kì í ráyè wọlé, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i.

Dída ṣáńpéènì àti wáìnì líle bí ẹni ń da wáìnì oúnjẹ

Ṣáńpéènì tí wọ́n kàn fẹ́ gbé sókè láti fi yẹ́ni sí kò gbọ́dọ̀ ju mílílítà 100 lọ. Ìgò kan á fún yín ní gíláàsì 7. Bí ẹ bá da 150, ẹ ti pàdánù gíláàsì 2 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ àlejò á sì fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì kó gbóná.

Ìfófó náà ń jẹ ọtí. Agbára tó wà nínú ìgò ṣáńpéènì tó ìlọ́po 5 sí 6 ti atẹ́gùn tó yí wa ká. Bí ìgò bá gbóná tàbí tí wọ́n mì í, gíláàsì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ á ti hó dà sílẹ̀ kí ẹ tó rí i bù. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹ tú wáyà orí rẹ̀, ìyípo ààbọ̀ 6 ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé àtàǹpàkò kúrò lórí kọ́ọ̀kì láti ìgbà tí wáyà bá ti dẹ̀. Ẹ dẹ ìgò náà síwájú níbi tí kò sẹ́ni tó dúró. Ẹ di kọ́ọ̀kì mú ṣinṣin, kí ó jẹ́ pé ìgò lẹ ń yí; bó bá ń tì yín lọ́wọ́, ẹ tì í padà, kó máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí ẹ bá ń dà á, ẹ kọ́kọ́ ta ìwọ̀n ìka kan sí ìdí gíláàsì kọ̀ọ̀kan lórí àwo. Nígbà tí ẹ bá fi máa da ti ìkẹyìn, ìfófó ti àkọ́kọ́ á ti lọ sílẹ̀, ẹ wá padà kún un.

Ní ti wáìnì líle bíi port, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Mílílítà 75 rẹ̀ ní ọtí tó pọ̀ bí èyí tó wà nínú mílílítà 125 wáìnì tó jẹ́ ìdá 12. Gíláàsì kékeré ló yẹ ẹ́, 10 nínú ìgò kan. Fún àlejò díẹ̀, ìgò kékeré kan tó gba mílílítà 375 tó.

Ríronú nípa títutù nígbà tí àlejò ti dé

Fìríìjì máa ń gba wákàtí 3 kó tó mú wáìnì tutù dáadáa, ìgò 40 kò sì lè wọ fìríìjì tí oúnjẹ ti kún. Korobá ló ń gbani. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n da yìnyín nìkan sí i: atẹ́gùn ló wà láàárín yìnyín, kì í fara kan ìgò yíká. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìdajì yìnyín, ìdajì omi, kí omi náà dé ọrùn ìgò. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, funfun á ti ṣeé mu. Ẹ má gbé ìgò sínú ibi tó ń dì kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wáìnì máa ń wú bó bá dì, ó lè ti kọ́ọ̀kì jáde tàbí kó fọ́ ìgò. Pupa náà kì í ṣe ohun tí à ń mu gbígbóná: 14 sí 18 °C ló dára fún un, nítorí náà bí yàrá bá móoru, ẹ gbé e sínú fìríìjì fún bí ìdajì wákàtí.

Ẹ má sì rì gbogbo ìgò bọ omi lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń gba ìgò tí ẹ kò ṣí padà bí ẹ bá ti bá wọn ṣàdéhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gba èyí tí bébà ara rẹ̀ ti rà sínú omi yìnyín. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú tutù, kí ìyókù wà nínú páálí rẹ̀ títí ẹ ó fi rí bí òde ṣe ń lọ. Bákan náà ni ṣíṣí: ìgò kan fún tábìlì kan, kí agbọ́tí má ṣí òmíràn àfi tí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá fẹ́ tán. Pupa tàbí funfun tó bá ṣẹ́ kù, bí ẹ bá dé e padà tí ẹ sì gbé e sínú fìríìjì, á ṣì ṣeé mu fún ọjọ́ 3 sí 5. Ṣáńpéènì kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀: pẹ̀lú ìdérí tó di ẹnu rẹ̀ pinpin, ọjọ́ 1 sí 3 ni.