Oògùn ìdènà ibà nínú oyún: bẹ́ ẹ ṣe máa pinnu bóyá kẹ́ ẹ lò ó

Àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti antenatal bọ̀ ni, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kó hóró oògùn funfun mẹ́ta lé òun lọ́wọ́ pẹ̀lú ife omi, wọ́n ní kóun gbé e mì lójú àwọn, òun wá dọ́gbọ́n di í mọ́ etí ìró, òun mu omi lásán, òun sì ti gbé e délé báyìí. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí o, ara mi ò gbóná, wọ́n tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ mi wọ́n ní kò sí ibà níbẹ̀, kí ni mo wá fẹ́ fi oògùn ibà ṣe? Màmá ọkọ mi náà ní oògùn òyìnbó ti ń pọ̀ jù nínú oyún yìí."

Mi ò bínú sí i. Ìbéèrè gidi ni, ẹni tí ara ẹ̀ le tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé oògùn mì nítorí ọmọ inú ẹ̀, ìyá tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ ni. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún un. Torí náà bí mo ṣe bá a sọ ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, náà ni mo ṣe máa kọ ọ́ síbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ oògùn tó wà lọ́wọ́ yín

SP ni wọ́n ń pè é, sulfadoxine àti pyrimethamine tí wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n sí Fansidar. Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg ti àkọ́kọ́ àti 25 mg ti ìkejì, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà sì ni wọ́n ń gbé e mì, kì í ṣe ọ̀kan láàárọ̀ ọ̀kan lálẹ́. Oògùn tí wọ́n ń lò nígbà tí ibà bá ti dé kọ́ nìyí o. Oògùn ìdènà ni. Ẹni tí ibà ń ṣe lọ́wọ́, nǹkan míì ni wọ́n máa fún un, mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi ara yín pé kí ló ń fi "ara mi le" tàn yín jẹ

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ẹ̀fọn tó bá jẹ wá lálẹ́ máa ń gbé kòkòrò kan sínú ẹ̀jẹ̀ wa, kòkòrò yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀ pupa lọ máa gbé. Àwa tá a dàgbà síbí, ibà ti bá wa fà á láti kékeré, ara wa ti kọ́ bó ṣe ń bá a jà, ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi lè máa gbé e kiri láì dùbúlẹ̀ àìsàn. Ṣùgbọ́n tí oyún bá dé, ibi ọmọ bá a dé, ibi ọmọ ò sí lára wa tẹ́lẹ̀, irú kòkòrò ibà kan sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló mọ̀ ọ́n so mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti kó kòkòrò á lọ lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ, wọ́n lè gún ìka ìyá kí wọ́n má rí nǹkan kan, ara ìyá lè má gbóná rárá, síbẹ̀ ọ̀nà tí oúnjẹ àti atẹ́gùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ti ń dí díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó ń já sí ni pé ẹ̀jẹ̀ á dínkù lára ìyá, wọ́n lè bí ọmọ láìpé oṣù, wọ́n lè bí i kó kéré ju kílò méjì àbọ̀ lọ, oyún lè wálẹ̀, ọmọ sì lè kú sínú. Oyún àkọ́kọ́ ló máa ń le sí jù, torí ara ò tíì pàdé irú kòkòrò yẹn rí, ní oyún kejì ìkẹta ara á ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí ẹni tó ti bímọ mẹ́ta sọ pé tòun ti kọjá, gbogbo aláboyún tó ń gbé níbi tí ibà pọ̀ sí ni ìmọ̀ràn yìí wà fún.

Ohun tí SP ń ṣe ni pé ó máa pa èyí tó ti fara pamọ́, á sì wà nínú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti má jẹ́ kí òmíì fìdí múlẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán, àbúrò mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ló bá ní, "Áà, kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ń fún ní oògùn yẹn nìyẹn, tọmọ inú mi náà ni."

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ọ̀sẹ̀ oyún yín

Wọn kì í lo SP kí oyún tó wọ ọ̀sẹ̀ 13. Ẹ ka á láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn, tí kò bá dá yín lójú, scan á sọ ọ́. Láyé àtijọ́, ìgbà tí oyún bá sọ ni wọ́n máa ń dúró dè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lóyún àkọ́kọ́ lè má mọ̀ ọ́n lára títí oṣù kẹrin á fi kọjá dáadáa, àkókò tó yẹ kó ti lo ti àkọ́kọ́ á ti lọ. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní kí wọ́n máa fún aláboyún ní gbogbo ìgbà tó bá wá sí antenatal láti oṣù kẹrin lọ, kí oṣù kan ó ṣáà wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, ó kéré tán kó tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó bímọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn kì í ṣe òpin o. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ antenatal lè gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì léwu kí wọ́n fún un títí dìgbà tó máa bímọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó gbé e mì

Ẹ má dúró kí wọ́n bi yín, èrò máa ń pọ̀, wọ́n lè gbàgbé.

Tí oògùn ìdílé sulfa, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sulphur, bá ti ṣe yín rí, bóyá Septrin tàbí Fansidar fúnra ẹ̀, tí ara yín lé ròrò, tí ojú tàbí ètè wú, ẹ pariwo ẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lo SP. Wọ́n á wá nǹkan míì ṣe fún yín.

Tẹ́ ẹ bá ń lo Septrin lójoojúmọ́, bí àwọn kan tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV ṣe ń lò ó, ẹ ò ní lo SP pọ̀ mọ́ ọn. Oògùn méjèèjì jọ jẹ́ ìdílé sulfa ni, Septrin yẹn náà sì ń bá yín dí ọ̀nà mọ́ ibà. Tí ẹ̀yin ò bá fẹ́ sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn, ẹ pe nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí tó wá ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi ni ti folic acid. Mo ní kó mú páálí èyí tó ń lò wá kó kà á fún mi. Ó lọ gbé e, hóró kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè, ó gbé e sójú iná, ó kà á jáde: 5 mg. Bẹ́ẹ̀, 0.4 mg lójúmọ́ ló tó fún ọ̀pọ̀ aláboyún. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé kòkòrò ibà gbọ́dọ̀ ṣe folate, tí folic acid jẹ́ irú ẹ̀ kan, fún ara ẹ̀ kó tó lè bí sí i, ọ̀nà yẹn ni SP ń dí mọ́ ọn láti ibi méjì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ oògùn méjì nínú hóró kan. Tẹ́ ẹ bá wá ń da 5 mg folic acid sínú ara lójoojúmọ́, oúnjẹ tẹ́ ẹ fi ń dù ú lẹ tún ń gbé fún un lọ́wọ́ kejì. Torí náà ẹ ka ara páálí yín, tó bá jẹ́ 5 mg, ẹ fi han nọ́ọ̀sì, òun ló máa sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi dá a dúró tàbí kó pààrọ̀ ẹ̀ sí kékeré. Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín, àwọn kan wà tí dókítà mọ̀ọ́mọ̀ fún ní 5 mg.

Àpẹẹrẹ irú wọn ni àwọn tó jẹ́ SS. Folic acid tó lágbára wà lára oògùn tí wọ́n máa ń lò lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lo Paludrine, oògùn ìdènà ibà míì, tẹ́lẹ̀, torí náà dókítà tó ń tọ́jú wọn ló gbọ́dọ̀ pinnu, kì í ṣe èmi, kì í ṣe kẹ́mísì àdúgbò. Ẹ̀yin AS, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ibà kì í mú AS. SP kàn yín bó ṣe kan gbogbo aláboyún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bá ará ilé sọ̀rọ̀

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bá ìyá ọkọ ẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Màmá yẹn náà bímọ, ó sì fẹ́ rí ọmọ ọmọ ẹ̀. Ohun tí mo ní kí àbúrò mi ṣe ni kó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kó ní, "Mà, oògùn yìí kì í ṣe ti ojoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ibi ọmọ ni wọ́n fi ń dáàbò bò," kó sì mú màmá dání lọ sí antenatal tó bá ṣeé ṣe. Àgbo ibà tí wọ́n ń sè sílẹ̀ ńkọ́? Ibi tí mo dúró sí ni pé kẹ́ ẹ má pa á pọ̀ mọ́ oògùn yìí, kẹ́ ẹ má sì fi rọ́pò ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó lè wọn iye tó wà nínú ife àgbo kan, ewé tó dára fún àgbàlagbà lè má dára fún ọmọ inú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbé e mì

Ẹ gbé e mì níbẹ̀, lójú wọn. Kì í ṣe pé wọn ò fọkàn tán yín, oògùn tó bá délé máa ń di ìgbàgbé ni, tàbí kí ẹlòmíì tí orí ń fọ́ gbé e lò. Ẹ lè jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ sì lè má jẹun, ṣùgbọ́n tí èébì oyún bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jẹ nǹkan fúyẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì. Tẹ́ ẹ bá bì í láàárín ìṣẹ́jú 30, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fún yín ní òmíì. Òòyì lè kọ́ yín díẹ̀, inú lè máa ru, ó lè rẹ̀ yín, pàápàá ní ti àkọ́kọ́, á lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, kì í wọ́pọ̀ o, ni kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò kó máa bó, kí ẹnu tàbí ojú dọgbẹ́. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀pọ̀ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí, àmọ́ ó máa ń tán. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ rà á, fámásì gidi ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, tí ibi tí wọ́n ń họ bá wà lára páálí, ẹ họ ọ́, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.

SP ò sọ pé kẹ́ ẹ ká nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yín o, ẹ máa sùn sábẹ́ ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ẹ lóyún, torí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ ò lè lo SP yẹn, òun ni ààbò yín. Tí ara bá wá gbóná, tí orí ń fọ́, tí òtútù ń mú yín, kò sí ọ̀rọ̀ SP níbẹ̀ mọ́, ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ACT, ìyẹn oògùn ibà tí wọ́n pò artemisinin mọ́ òmíì, ni wọ́n fi ń wo ibà báyìí, láti 2022 ni WHO sì ti ní artemether-lumefantrine, irú ACT kan, ṣeé lò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pàápàá. Ẹ má dá ara yín lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston tẹ́ ẹ lóyún tẹ́ ẹ fẹ́ wá ṣe Kérésì nílé, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Agbára tí ara yín ní sí ibà ti ń dínkù látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, SP kì í sì í ṣe oògùn arìnrìn-àjò. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí dókítà yín máa gbà yín ni kẹ́ ẹ sún ìrìn náà síwájú dìgbà tẹ́ ẹ bá bímọ. Tí kò bá ṣeé sún, mefloquine, oògùn ìdènà ibà míì, ni wọ́n sábà máa ń wò, ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹni tó bá ní wárápá tàbí tó ti ní ìdààmú ọpọlọ rí ò lè lò ó. Ẹ tètè lọ rí wọn.

Àbúrò mi padà lọ ní ọjọ́ kejì, ó kó hóró mẹ́ta yẹn àti páálí folic acid ẹ̀ dání, ó sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì pé òun ò lò ó. Ìyẹn ò bú u. Wọ́n dá 5 mg dúró, wọ́n fún un ní kékeré, wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó gbé SP tuntun mì níbẹ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ déètì ẹ̀ sí káàdì, ó ní rárá, mo ní kó padà wọlé kí wọ́n kọ ọ́, torí ọjọ́ tó bá lọ bímọ níbòmíì tàbí tó bá nọ́ọ̀sì míì pàdé lóṣù tó ń bọ̀, déètì yẹn ni wọ́n fi máa mọ̀ pé oṣù kan ti pé kí wọ́n tó fún un ní òmíì.